Etí Lára Páìpù

A kò gé páìpù náà. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.
A kò lu ú níhò, a kò ti irin bọ̀ ọ́ lọ́fun,
epo kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ òun.
Mo kàn fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò,
mo ha á títí irin fi dán bí ìpẹ́ èpìyà,
mo fi gẹ́ẹ̀lì pa á, tútù, yọ̀rọ̀,
bí nọ́ọ̀sì Igbókọ̀dá ṣe fi pa ikùn mi
lóṣù tí Orímisàn wà nínú mi.
Mo wá de etí méjì mọ́ ọn,
ọ̀kan lókè ìṣàn, ọ̀kan nísàlẹ̀,
mo fi bẹ́líìtì irin fún wọn pinpin.

Aago mẹ́ta òru. Pẹpẹ irin ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.
Ọkọ̀ tó wá gbepo dúró lọ́ọ̀ọ́kán,
iná rẹ̀ pọ̀ ju iná gbogbo Ayétòrò lọ.
Ẹnjiníà Fámákinwá, ọmọ Àkúrẹ́ tí èébì òkun kò tíì fi sílẹ̀,
di ọ̀pá mú, ó ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, dúró ná.
Ohùn kan ń bẹ tí etí ènìyàn kò lè gbọ́.
Etí òkè rán an sí etí ìsàlẹ̀: epo gbé e pọ̀n, ó yá a dé.
Etí ìsàlẹ̀ rán an padà: epo tì í láyà, ó pẹ́.
Ìpẹ́ ọ̀hún kéré,
ìpajú kan ga jù ú lọ bí àgbọn ṣe ga ju koríko,
ṣùgbọ́n inú ìpẹ́ tíntín yẹn ni bárẹ́lì wà,
inú rẹ̀ lowó wà, inú rẹ̀ nirọ́ máa ń sá pamọ́ sí.
Ẹni tó bá ti tukọ̀ dojú kọ ìṣàn rí,
tó sì bá ìṣàn padà wálé,
kò nílò ìwé kó tó mọ èyí.

Bàbá mi Ọmọ́ṣulé kò kàwé.
Àjẹ̀ ni mítà tirẹ̀.
A ó dé ibi tómi gbé jìn lẹ́bàá Awóyè,
yóò ki àjẹ̀ bọmi, yóò fi etí lé ìdí rẹ̀,
ojú rẹ̀ á dì. Mi ò gbọdọ̀ họra.
"Wọ́n ń kùn," á ní. "Wọ́n pọ̀. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ń lọ."
A ó ju àwọ̀n.
Ní gbogbo ìgbà èwe mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣì í gbọ́,
nígbà kejì, epo ti dà sódò,
omi kò sọ̀rọ̀ já gaara mọ́.

Láago márùn-ún, kápítéènì ọkọ̀ ka iye tirẹ̀ lórí rédíò.
Mítà àtijọ́ orí pẹpẹ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Ìwé mẹ́ta, iye mẹ́ta, epo kan ṣoṣo.
Ẹgbẹ̀rún bárẹ́lì ó lé ogóje ni ti ọkọ̀ fi dín sí tèmi.
Fámákinwá wò mí. Ó rọra ní,
"Ṣé a ò lè pín in sí méjì, kí gbogbo wa lọ sùn?"
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Mo wojú ẹ̀rọ kékeré náà, òǹkà rẹ̀ ń yí, kò bẹ ẹnikẹ́ni.
Mo kọ ohun tí páìpù wí. Mo fọwọ́ sí i.
Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀. Òtútù ni.
Tàbí kì í ṣe òtútù.

Ilẹ̀ mọ́. Etíkun wa hàn lọ́ọ̀ọ́kán bí okùn àwọ̀n,
ibi tí mo ti kọ́ a, b, d ti wà lábẹ́ omi.
Kò sẹ́ni tó de etí mọ́ òkun
kó ka iye ilẹ̀ tó ń gbé mì lọ́dọọdún.

Mo pe bàbá. Etí rẹ̀ kan ti di, èkejì ló fi gbé fóònù.
"Kí lo gbọ́ lóru?"
Epo, mo ní. Epo púpọ̀, eré ló ń sá.
"Ṣé ẹja wà nínú ẹ̀?"
Rárá, bàbá.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ omi tó ń lu òpó ilé lẹ́yìn ìdákẹ́ rẹ̀,
tọ́, tọ́, tọ́,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.